Ẹ̀rọ Tójú Rẹ̀ Fọ́

Kí ọmọbìnrin yìí tó mọ okùn bàtà so ni bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ pé ẹ̀yìn ọwọ́ ni èèyàn fi ń kan ilẹ̀kùn tí èéfín bá wà lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá á ní, "Bí àtẹ́lẹwọ́ bá bó, kí lo máa fi di àtẹ̀gùn mú?" Ọdún mọ́kànlélógún ni bàbá náà fi ṣe iṣẹ́ panápaná kó tó fẹ̀yìn tì; ó ní orúnkún ló dá òun dúró. Ìyá ti kú nígbà tí ọmọ wà ní ìkókó, àbúrò bàbá tí gbogbo èèyàn ń pè ní Àǹtí ló bá a tọ́ ọ dàgbà. Nínú ilé wọn, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sùn kí bàbá tó yí gbogbo yàrá ká, kó na imú sí ibi tí iná mànàmáná ti yọ lára ògiri, kó sì fa èémí sínú lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn ará àdúgbò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù iná tó ń ba bàbá ti wọ inú egungun òun náà. Ó pé ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, kò tíì fọwọ́ ara rẹ̀ tan àbẹ́là rí.

Ṣọ́ọ̀bù jígí ojú ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń gé dígí sí ìwọ̀n, tó ń há a sínú férémù, tó sì ń tún apá jígí tó bá yẹ̀ ṣe. Oníjígí ni àwọn oníbàárà ń pè é.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọkùnrin kan wọlé. Ó wọ aṣọ iṣẹ́ àwọn tó ń ka mítà omi láti ojúlé dé ojúlé, ó sì di nǹkan kan sínú áńkáṣíìfù.

"Ẹ káàsán o. Kí n má purọ́ fún yín, mi ò wá ra jígí."

"Kí lẹ wá rà?"

"Sukúrù kan ṣoṣo. Èyí tó kéré ju ẹyin èèrà lọ. Mo ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún aago ṣe, wọ́n lé mi jáde."

Ó tú áńkáṣíìfù. Nǹkan pẹlẹbẹ aláwọ̀ eérú ló wà níbẹ̀, kò tóbi ju àpò jígí lọ. Nígbà tó ṣí ìdérí rẹ̀, àwọn bọ́tìnnì lẹ́tà tò sínú rẹ̀ bí eyín ọmọdé.

"Kí lèyí?"

"Kọ̀ǹpútà ni."

Oníjígí tẹjú mọ́ ọn. "Ta ló fọ̀ ọ́ lómi gbígbóná tó fi sún kì báyìí?"

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín débi tí ọ̀gá Oníjígí fi yọjú láti yàrá ẹ̀yìn. Ó ní ẹ̀rọ náà ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, pé àpò kóòtù ni wọ́n ń kì í sí kí fóònù tó gba iṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ní òun ń kó irú wọn jọ ni, òun sì ní méjìléláàádọ́fà nílé.

"Kí lẹ ń fi wọ́n ṣe?"

"Mò ń jí wọn."

Oníjígí mú ẹ̀mú kékeré, ó ṣa sukúrù kan nínú àwo tí wọ́n ń kó ti jígí sí, ó fi dè é. Ọkùnrin náà tẹ bọ́tìnnì. Ojú ẹ̀rọ náà là díẹ̀díẹ̀, lẹ́tà dúdú sì jáde síbẹ̀: *Ra bàtà ọmọ. Má gbàgbé o.*

"Ta ló kọ ọ́?"

"Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀. Mi ò mọ̀ ọ́n. Mi ò kì í pa ọ̀rọ̀ wọn rẹ́." Ó rẹ́rìn-ín sí ẹ̀rọ náà bí ẹni ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ ọwọ́. "Ọmọ ọ̀hún á ti dàgbà báyìí, á máa ra bàtà fún ọmọ tiẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn bá Oníjígí délé, ó bá a jókòó, ó bá a sùn.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin náà gbé òmíràn wá. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ó tún gbé òmíràn dé. Nígbà tó wá lẹ́ẹ̀karùn-ún, wọn kì í pe ara wọn ní "ẹ" mọ́. Oníjígí yẹ ẹ̀rọ tó gbé wá wò tinú tẹ̀yìn.

"Onímítà, kò sí sukúrù tó sọnù lára èyí."

"Mo mọ̀."

"Kí lo wá wá, nígbà náà?"

"Nǹkan tó sọnù lọ́wọ́ mi kò sí lára ẹ̀rọ."

Bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Oṣù mẹ́ta kọjá kí Oníjígí tó gbà láti dé ilé rẹ̀. Ọ̀sán Sátidé ni. Fèrèsé ṣí sílẹ̀, oòrùn sì tàn sórí àwọn pẹpẹ tó yí ògiri ká. Àwọn ẹ̀rọ náà tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ sórí wọn: àwọn tó dà bí àpò jígí, àwọn tó gba inú àtẹ́lẹwọ́ tó ní kálámù ike, àwọn tó tóbi bí àpótí ọmọ iléèwé. Ojú ló yẹ kó fi wo yàrá ẹni tó fẹ́ràn, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ ló ṣáájú.

Òórùn kan wà níbẹ̀. Ó dùn díẹ̀, bí ọ̀dà èékánná.

Ó tọ òórùn náà lọ títí ó fi dé ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, níbi tí wọ́n ń na ẹsẹ̀ sí. Ẹ̀rọ kan wà nílẹ̀ lórí táìlì kan, ojú rẹ̀ fọ́ wẹ́wẹ́, wáyà iná sì wà lára rẹ̀. Ó gbé e sókè. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti yọ gbẹ̀ǹgbẹ̀, bátìrì inú rẹ̀ ti wú bí búrẹ́dì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú ààrò.

"Kí lèyí ń ṣe lára iná?"

Onímítà rọra gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e padà sórí táìlì.

"Ti ìyá mi ni. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn lọ́fun, ohùn wọn lọ. Kálámù ike ni wọ́n fi ń kọ̀wé sójú ẹ̀. Oṣù mẹ́rin la fi bá ara wa sọ̀rọ̀ báyẹn. Ọjọ́ tí wọ́n kú, ẹnu iṣẹ́ ni mo wà. Òpópónà kan péré ló kù tí mi ò tíì ka mítà ẹ̀, mo ní kí n parí ẹ̀ kí n tó lọ wò wọ́n. Kí n tó dé, wọ́n ti lọ. Nọ́ọ̀sì ní, 'Ìyá yín kọ̀wé sílẹ̀ fún yín.' Ó nà án sí mi. Mi ò dì í mú dáadáa. Ó bọ́."

Ojú ẹ̀rọ náà fọ́ kó tó ka ohun tó wà níbẹ̀. Inú rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ ìyá ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ojú tó máa fi hàn án. Bí iná bá sì tán nínú bátìrì, tàbí tí wọ́n bá yọ ọ́, gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ á pa rẹ́. Bí wọ́n ṣe ṣe irú rẹ̀ nìyẹn. Ọdún mẹ́fà ni Onímítà ti fi iná sí i lára, tó ń wá ẹ̀rọ mìíràn irú rẹ̀, kó lè yọ ojú ọ̀kan fún èkejì. Kò rí i. Àwọn mìíràn ló ń rí, kò sì lè fi wọ́n sílẹ̀ fún ààtàn. Bí wọ́n ṣe di méjìléláàádọ́fà nìyẹn.

"Bátìrì yìí ti wú," Oníjígí ní. "Ṣé o mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tó bá bẹ́?"

"Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi gbé e lé táìlì nìyẹn."

"Táìlì! Ẹsẹ̀ rẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án tó o bá sùn. Yọ ọ́ lónìí."

"Mi ò lè pa ìyá mi lẹ́ẹ̀kejì."

"Tó bá pa ìwọ ńkọ́?"

Onímítà jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

"Ohun tí wọ́n kọ gan-an ń bà mí lẹ́rù. Bóyá ńṣe ni wọ́n ń bi mí pé ibo ni mo wà. Ṣùgbọ́n kí n máà mọ̀ ọ́n títí ayé, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù."

Oníjígí mú àpò rẹ̀. Ó ní òun kò ní tẹ ibẹ̀ mọ́ títí bátìrì yẹn á fi kúrò. Ojú ọ̀nà ló ti sunkún. Kò mọ èyí tó ń sunkún lé lórí nínú méjèèjì: iná tó lè jó ọkùnrin náà, tàbí ìyá tó wà nínú ẹ̀rọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọn kò ríra. Òpópónà ṣọ́ọ̀bù wà lára ibi tí Onímítà ti ń ka mítà. Láti ojú fèrèsé, Oníjígí rí i lọ́jọ́ kan tó bẹ̀rẹ̀, tó ṣí ìdérí mítà, tó kọ nọ́ńbà, tó dìde, tó wo ṣọ́ọ̀bù títí, tó sì kọjá lọ. Dígí tó wà lọ́wọ́ Oníjígí là sí méjì. Ọ̀gá rẹ̀ ní, "Ìkẹta rèé lọ́sẹ̀ yìí. Lọ bá a, kí ọjà mi lè gbádùn."

Ọjọ́ kejì ni Onímítà fúnra rẹ̀ wọlé, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀rọ àlòkù ti rí irú ẹ̀rọ náà, ó ti fi ránṣẹ́. Kò ní ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ tó máa dé. Ó ní, "Ọjọ́ mẹ́wàá péré. Tó bá ti dé, màá ka ọ̀rọ̀ wọn, màá sì yọ bátìrì ọ̀hún níṣojú ẹ." Oníjígí fi ọjọ́ mẹ́wàá wé ọdún mẹ́fà, ó gbà. Ó wá rán Àǹtí sí bàbá rẹ̀ pé àwọn fẹ́ fẹ́ra. Gbogbo ohun tó wà nínú yàrá yẹn ló sọ fún Àǹtí, àfi ẹ̀rọ tó wà nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì.

Ó dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń gbọ́ wọn.

"Kí ni iṣẹ́ ẹ̀?" bàbá béèrè.

"Mítà omi ló ń kà."

"Omi dáa."

"Ó sì ń kó kọ̀ǹpútà àtijọ́ jọ. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún."

Bàbá gbé ife kalẹ̀. "Gbogbo wọn ló ní bátìrì?"

"Bọ̀dá mi, ẹ ò tiẹ̀ bi mí bóyá ó níwà!"

"Iná kì í béèrè ìwà." Bàbá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Mo gbé ìyàwó kan jáde rí. Ọ̀sẹ̀ kejì ìgbéyàwó wọn ni. Nǹkan kékeré kan tí wọ́n fi sára iná ló fà á. Ọkọ ò jáde. Mi ò lè fọmọ mi fún un."

"Ẹ lọ wò ó fúnra yín. Ta ló mọ iná jù yín lọ? Tẹ́ ẹ bá ní kò dáa, èmi fúnra mi ni màá sọ fún un."

Bàbá gbà tìkọ̀tìkọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dá pé, ó ní orúnkún ń dun òun. Ọjọ́ kejì tí wọ́n dá, òjò ṣú, ó ní òun kò lè rìn nínú òjò tí kò tíì rọ̀. Ẹ̀kẹta, kò tiẹ̀ rí àwáwí mú wá. Ọ̀rọ̀ sú Àǹtí. "Ṣé ilé àna lẹ ń lọ ni, àbí ojú ogun?"

Ẹ̀rọ tó ń bọ̀ kò dé lọ́jọ́ kẹwàá. Lọ́jọ́ kejìlá, láìsọ fún ẹnikẹ́ni, bàbá wọ bàtà, ó lọ. Ẹnu iṣẹ́ ni Oníjígí wà, tó ń lọ etí dígí kan, nígbà tí fóònù rẹ̀ dún.

"Wá," Onímítà ní. "Ẹnikẹ́ni ò kú. Ṣáà wá."

Kò mọ bó ṣe dé ibẹ̀. Èéfín ṣì ń rú díẹ̀díẹ̀ lójú fèrèsé. Bàbá rẹ̀ jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, ó ki ọwọ́ méjèèjì sáàárín orúnkún. Onímítà ki ọwọ́ ọ̀tún sínú bẹ́sìnì omi. Nínú àgbàlá, lórí iyẹ̀pẹ̀, nǹkan dúdú kan ṣì ń yọ èéfín. Oníjígí mọ ohun tó jẹ́ kó tó súnmọ́ ọn.

Kó tó béèrè, Onímítà ti ń sọ̀rọ̀.

"Bàbá ló gbé e jáde. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ni èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Wọ́n fa wáyà yọ, wọ́n gbé e síta. Ká ní wọn ò sí níbẹ̀ ni, ilé ti jó."

Bàbá gbójú sókè wò ó. Ó ya ẹnu, ó pa á dé. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ fẹ́ra yín. Mi ò ní nǹkan sọ mọ́."

Ohun tí Oníjígí ti ń gbàdúrà fún rèé, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn méjèèjì ló ń wò. Ojú tó ń wá sukúrù nínú àwo lójoojúmọ́ kì í fo nǹkan. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ mọ́ tónítóní. Àtẹ́lẹwọ́ Onímítà ló bó.

Lọ́jọ́ kejì, ẹrù kékeré kan dé láti ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó ń ta àlòkù. Ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń wá lọ́dún mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, ojú rẹ̀ dán gbinrin, kò fọ́ níbì kankan. Onímítà fi ọwọ́ òsì gbé e sórí pẹpẹ, kò sì tàn án.

Àǹtí gbé ìròyìn náà ká gbogbo ìdílé. Nígbà àkọ́kọ́ tó sọ ọ́, bàbá gbé ẹ̀rọ jáde. Nígbà kẹta, bàbá ti gbé Onímítà náà lé èjìká. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń yin bàbá tó ni bàbá ń rù sí. Ó fi oúnjẹ sílẹ̀. Tí àlejò bá bẹ̀rẹ̀ sí í kí i kú iṣẹ́ akin, á dìde, á wọ yàrá.

"Báwo ló ṣe jẹ́ ọwọ́ rẹ ló jó," Oníjígí bi Onímítà, "tó bá jẹ́ bàbá ló gbé e?"

"Mo ràn wọ́n lọ́wọ́ ni." Kò wo ojú rẹ̀.

Oníjígí kò bi í mọ́, ẹ̀rù ìdáhùn ló ń bà á. Bóyá ọkùnrin náà jókòó ti ẹ̀rọ náà, tó kọ̀ láti fi sílẹ̀, títí bàbá fi jà á gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bóyá ohun tó burú ju ìyẹn lọ ni. Nínú àwọn méjèèjì tó fẹ́ràn jù láyé, ẹnì kan ń purọ́ fún un, èkejì sì ń bá a di ẹnu irọ́ náà. Ọjọ́ ìgbéyàwó ń súnmọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ló gbé fóònù láti sọ pé kí wọ́n dá a dúró, ẹ̀ẹ̀mejì ló gbé e kalẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, ó ti wọṣọ tán nígbà tí bàbá wọlé, tó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

"Kì í ṣe èmi," bàbá ní.

"Kí ni kì í ṣe ẹ̀yin, bàbá mi?"

"Mi ò gbé nǹkan kan jáde. Mo dé ẹnu ọ̀nà yàrá yẹn, mo rí èéfín, ẹsẹ̀ mi kọ̀. Mo lẹ̀ mọ́ ògiri bí aṣọ tí wọ́n fi kọ́. Ọkọ rẹ fa wáyà yọ, ó fọwọ́ lásán gbé e kọjá lára mi. Ó jù ú síta, ó padà wá, ó fà mí jáde bí ọmọ ọdún méjì. Ó ní, 'Bàbá, ẹ̀yin lẹ gbé e o.' Mo ní rárá. Ó ní, 'Ẹ̀yin ni.' Ojú tì mí, mo gbà á."

Oníjígí kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Bàbá ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

"Kì í ṣe ọjọ́ yẹn ló bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe orúnkún ló jẹ́ kí n fiṣẹ́ sílẹ̀. Ìyàwó tí mo máa ń sọ pé mo gbé jáde, ọkọ ẹ̀ wà ní yàrá kejì. Mo gbọ́ ohùn ẹ̀. Ó ń pè. Mi ò wọlé."

Ìta ni Àǹtí ti ń kígbe pé ọkọ̀ ti dé.

"Èmi náà," Oníjígí ní. "Mo mọ̀ pé bátìrì yẹn wú. Mi ò sọ fún yín kí ẹ tó lọ, torí mo mọ̀ pé ẹ máa kọ̀. Mo lè ti pa yín."

Bàbá gbé ọwọ́ lé e lórí. "A jọ ń bẹ̀rù nínú ilé yìí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ẹ. Ẹnu la ò jọ fi sọ ọ́ rí."

Ní ilé ìforúkọsílẹ̀, Onímítà dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nínú kóòtù tuntun, báńdéèjì sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Oníjígí fà á sí kọ̀rọ̀.

"Bàbá ti sọ fún mi."

Onímítà mí kanlẹ̀. "Mi ò fẹ́ kó o máa wo bàbá rẹ bí ẹlòmíràn."

"Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ ńkọ́? Ọdún mẹ́fà!"

"Mo rò ó. Má rò pé mi ò rò ó. Mo di wáyà yẹn mú, mo ní bóyá èéfín ọ̀hún ṣì máa rọlẹ̀. Mo wá wẹ̀yìn. Ìyá mi ti kú. Bàbá tìrẹ ló wà lẹ́nu ọ̀nà tí kò lè rìn."

"Kí lo rò pé wọ́n kọ síbẹ̀?"

"Mo ti ro gbogbo ohun burúkú tán." Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. "Bí mo ṣe mọ ìyá mi, ó lè jẹ́ pé wọ́n ní kí n ra búrẹ́dì bọ̀." Ẹ̀rín náà kò dé ìparí kó tó di ẹkún. Oníjígí dì í mú lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà títí akọ̀wé fi pe orúkọ wọn lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó kan àtifọwọ́ síwèé, ọwọ́ òsì ni Onímítà fi kọ tirẹ̀, ó sì wọ́ gbọgbọ lọ bí ìwé ọmọ jéléósinmi.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, bàbá kan ilẹ̀kùn àwọn méjèèjì láàárọ̀. Kò jókòó, kò gba omi. Ó ní kí wọ́n kó gbogbo ẹ̀rọ náà síta.

Wọ́n tò wọ́n sínú àgbàlá. Onímítà ń tú ẹ̀yìn wọn, Oníjígí ń ṣa sukúrù sínú àwo, bàbá ló ń yọ bátìrì. Ọ̀pọ̀ jẹ́ irú bátìrì tí wọ́n ń fi sínú tọ́ọ̀ṣì, wọn kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Síbẹ̀ ọwọ́ bàbá ń gbọ̀n látorí àkọ́kọ́. Kò fi ọwọ́ náà pamọ́ sápò.

Nígbà tí wọ́n dé ìkẹtàdínlógójì, Onímítà ṣí ẹ̀yìn ọ̀kan, ó dáwọ́ dúró. Bátìrì inú rẹ̀ ti wú.

Bàbá wò ó.

"Ẹ̀rù ń bà mí," ó ní.

"Èmi náà," Onímítà ní.

"Èmi náà," ọmọ rẹ̀ ní.

Bàbá mi orí. Ó na ọwọ́ tó ń gbọ̀n náà, ó sì rọra yọ ọ́.